Iná Inú Àpò: Bí Páwà Báǹkì Ṣe Di Ẹrù Ojoojúmọ́ ní Galadimawa

Ní Galadimawa, lójú ọ̀nà tó ti pópó pápákọ̀ òfurufú Àbújá wá tó sì lọ sí Apo, ìbéèrè tí oníbàárà tó fẹ́ ra páwà báǹkì máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó ń ta ẹ̀yà fóònù kì í yí padà: "Mélòó ni mAh rẹ̀?", ìyẹn iye iná tó lè gbà sínú. Olùtajà á ní 10,000 ni, tàbí 20,000, tàbí 50,000 pàápàá, wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìbéèrè náà kò burú, àmọ́ òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀. Níbi tí iná ìjọba ti ń wá fún wákàtí díẹ̀ kó tó tún lọ, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀ ni bí páwà báǹkì náà ṣe ń yára gba iná sára tó nígbà tí iná bá dé. Ìtàn ló bí ìbéèrè yìí, ìtàn náà sì ti wà kí fóònù tó dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni ní Nàìjíríà.

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó, láti ara ẹ̀rọ kan tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 60 lọ. Ilé iṣẹ́ amúnáwá Ìjọra tẹ̀lé e ní 1923. Òfin ọdún 1950 dá ECN sílẹ̀ láti máa bójú tó iná káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣí ìdídò Kainji ní 1969, nígbà tó sì di 1972, wọ́n da ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń mójú tó ìdídò, NEPA sì jáde. Orúkọ yìí ló wọ àwọn ọmọ Nàìjíríà lára jù lọ. Òfin ọdún 2005 sọ NEPA di PHCN, ìjọba sì gbé iṣẹ́ pípín iná lé àwọn aládàáni lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013, síbẹ̀ tí iná bá dé lálẹ́ òní, "Up NEPA!" ṣì ni àwọn ọmọdé máa ń pariwo. Ariwo ayọ̀ ni. Ibi tí iná kì í ti í lọ, kò sí ọmọ tí yóò pariwo nítorí pé ó dé.

Kó tó di pé fóònù dé, Yorùbá ti mọ iná àgbékiri dáadáa. Nígbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì wọ Èkó ní 1935, wáyà ni wọ́n fi ń fa ohùn rẹ̀ wọ ilé. Ilé tí wáyà kò dé kò gbọ́ nǹkan kan. Rédíò kékeré oníbátìrì ló já okùn yẹn nígbà tó yá. Àgbẹ̀ á so tirẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi kòkó, á máa gbọ́ ìròyìn bó ṣe ń ṣán oko. Bátìrì olórí ẹkùn tí wọ́n ń pè ní Tiger Head di ọjà tí gbogbo ìsọ̀ kéékèèké ń tà, pẹ̀lú ìṣáná àti kẹrosíìnì. Bí bátìrì bá sì rẹ̀, wọn kì í yára jù ú nù. Wọ́n á tò ó sórí páànù kí oòrùn lè pa á, lẹ́yìn náà rédíò á tún sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Kì í ṣe ìgbàgbọ́ lásán: ooru máa ń mú kí èròjà tó ṣẹ́kù nínú irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ sí i.

Àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n ní abúlé tí òpó iná kò dé kọ́ ọgbọ́n tiwọn. Bátìrì mọ́tò ni wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun. Bí bọ́ọ̀lù pàtàkì bá ku ọ̀la, wọ́n á di bátìrì náà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó di ọ̀dọ̀ rẹ́wáyà, oníná mọ́tò, nílùú, kó sùn mọ́jú lórí ṣájà. Rẹ́wáyà yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta iná ní díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tí kò ní in nílé, iṣẹ́ rẹ̀ ni oníṣájà fóònù jogún. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọjà páwà báǹkì ṣe bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kó ti máa wò ó.

Galadimawa fúnra rẹ̀, ilẹ̀ oko àwọn Gbagyi ni tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wo bóyá Èkó ṣì lè jẹ́ olú-ìlú, adájọ́ ọmọ Yorùbá, Akinọlá Àgùdà, ló ṣolórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ní kí olú-ìlú kó lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì 1976, òfin tó dá agbègbè olú-ìlú àpapọ̀ sílẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala. Ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1991 ni Ibrahim Babangida kó ìjọba dé Àbújá ní tòótọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó jẹ́ Yorùbá sì di ẹrù wọn láti Èkó tẹ̀lé e.

Nínú ìwé àwọn tó ya àwòrán ìlú, ìpele kẹta ni Galadimawa bọ́ sí, pẹ̀lú Lokogoma, Dakwo, Wumba àti Kabusa. Ìpele kìíní, bí Garki, Wuse, Maitama àti Asokoro, ti ní òpó, ọ̀dà àti omi ẹ̀rọ kí èrò tó wọ̀ ọ́. Ní ìpele kẹta, èrò ló ṣáájú. Àwọn ẹ́sítéètì ń dìde lọ́tùn-ún lósì, ẹnu ọ̀nà wọn ní géètì àti ẹ̀ṣọ́, nígbà tí iná tó yẹ kó dé ibẹ̀ ṣì ń wá lẹ́yìn. Iná Àbújá jìnnà sí orísun rẹ̀: ìdídò Shiroro lórí odò Kaduna, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1990, wà lára àwọn tó ń bọ́ ọ, wáyà ńlá ló ń gbé e wá sí Katampe àti Gwagwalada kí AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín in ní Àbújá, Niger, Kogi àti Nasarawa, tó fà á wọ àdúgbò. Ibikíbi tí okùn gígùn yìí bá ti já, òkùnkùn dé.

Inú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni fóònù alágbèéká wá bá Nàìjíríà.

Ní oṣù kìíní 2001, NCC, àjọ tó ń mójú tó ìbánisọ̀rọ̀, nígbà tí Ernest Ndukwe ń darí rẹ̀, fi ìwé àṣẹ GSM sí gbàǹjo, ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan sì já sí mílíọ̀nù 285 dọ́là. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Títí di àkókò yẹn, ìlà fóònù NITEL kò tó ìdajì mílíọ̀nù fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní 100 mílíọ̀nù. SIM wọ́n, ₦50 ni ìṣẹ́jú kan, ẹni tó bá sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá yóò san ti ìṣẹ́jú kan gbáko, títí Globacom fi dé ní 2003 tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá. Lábẹ́ agboòrùn ńlá, lórí àga oníke, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ pe fóònù. Ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ló ń ṣọ́ ìṣẹ́jú.

Láàárín ọdún díẹ̀, iṣẹ́ kejì hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboòrùn yẹn. Gbogbo ènìyàn ti ń ra fóònù tirẹ̀, àmọ́ iná tí yóò jí i kò sí. Ìsọ̀ oníṣájà kò gba ohun púpọ̀: tábìlì, pákó tí wọ́n kan ihò iná mọ́ ní ìlà mẹ́ta mẹ́rin, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour". Ṣájà oríṣiríṣi so rọ̀ bí ìdè aṣọ: ti Nokia ẹlẹ́nu nínípọn, ti Nokia ẹlẹ́nu tín-ín-rín tó dé lẹ́yìn rẹ̀, ti Samsung, ti Sagem, ti Motorola, nítorí pé nígbà náà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe ẹnu ṣájà tirẹ̀. Oníṣájà á ya páálí kékeré sí méjì, á kọ nọ́ńbà kan náà sí méjèèjì. Á fi ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, oníbàárà á mú ìkejì lọ. Ẹni tó bá sọ páálí rẹ̀ nù, ó di kó ṣàlàyé irú àwòrán tó wà lójú fóònù rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó pè é kẹ́yìn.

Ohun tó ń ba àwọn oníbàárà lẹ́rù ju kí fóònù sọnù lọ ni kí wọ́n pààrọ̀ bátìrì inú rẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ máa ń fi bírò kọ orúkọ sára bátìrì kí wọ́n tó gbé fóònù sílẹ̀. Àwọn mìíràn yọ bátìrì nìkan, wọ́n fi í sílẹ̀ nínú ṣájà oníhàámọ́ tí iná pupa àti aláwọ̀ ewé máa ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀, wọ́n sì fi fóònù sápò lọ sílé. Ẹni tó lówó díẹ̀ ra bátìrì kejì. Bátìrì BL-5C ti Nokia gbajúmọ̀ débi pé wọ́n ń lò ó nínú rédíò àti tọ́ọ̀ṣì tí kò bá Nokia tan. Òun náà fi ewu irú bátìrì yìí han ayé: ní oṣù kẹjọ 2007, Nokia kéde pé mílíọ̀nù 46 lára BL-5C tí ilé iṣẹ́ Matsushita ṣe lè gbóná kọjá ààlà tí wọ́n bá wà lórí ṣájà, pé kí ẹni tó ní irú rẹ̀ wá gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí Nokia 1100 jáde ní 2003, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì kékeré lórí rẹ̀, ó bá ipò Nàìjíríà mu gan-an. Bátìrì rẹ̀ kò tó 1,000 mAh, síbẹ̀ èèyàn lè lò ó fún ọjọ́ mélòó kan kó tó kú. Fóònù ìgbàlódé tó dé lẹ́yìn náà ló da ètò yìí rú. Ojú rẹ̀ fẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kì í kúrò lórí rẹ̀, WhatsApp ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru. Bátìrì rẹ̀ tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún, kò sì lè dé ọjọ́ kejì. Lẹ́yìn èyí ni àwọn tó ń ṣe fóònù wá di ẹ̀yìn rẹ̀ pa. iPhone ti dì láti 2007. Samsung di ti Galaxy S6 ní 2015. Tecno, tó ti wà ní ọjà Nàìjíríà láti 2008, àti Infinix tẹ̀lé wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀yìn fóònù ti di pa ni bátìrì kejì ti kúrò nínú àpò. Ẹni tó bá fẹ́ iná àpamọ́ ní láti gbé e lọ́tọ̀, nínú páálí tirẹ̀, pẹ̀lú wáyà. Bí páwà báǹkì ṣe wọ ilé gbogbo nìyẹn.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú fóònù. Lithium-ion ni, bátìrì tí Sony kọ́kọ́ gbé sọ́jà ní 1991 lẹ́yìn iṣẹ́ bí ogún ọdún tí Stanley Whittingham, John Goodenough àti Akira Yoshino ṣe lé e lórí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ kẹ́mísírì ní 2019. Nínú ọ̀pọ̀ páwà báǹkì, ẹyọ bátìrì tí wọ́n ń pè ní 18650 ló tò síbẹ̀: ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó gùn ní mìlímítà 65, ó sì wọn nǹkan bíi gíráàmù 45. Àwọn mìíràn pẹlẹbẹ bíi ti fóònù. Pátákó kékeré kan ń ṣọ́ wọn kí iná má baà kún kọjá ààlà, kó má sì gbẹ tán pátápátá.

Ìwọ̀n ẹyọ 18650 yìí ló ń tú àṣírí àwọn oníjìbìtì. Èyí tó dára jù lára rẹ̀ kì í kọjá nǹkan bíi 3,500 mAh. Kí páwà báǹkì tó lè jẹ́ 50,000 mAh bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, ó kéré tán ẹyọ 15 gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, ìwúwo bátìrì nìkan á sì ti kọjá gíráàmù 600. Bí nǹkan tí wọ́n ń pè ní 50,000 bá wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì, irọ́ ni. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ki yanrìn tàbí irin sínú páwà báǹkì kan kó lè wúwo lọ́wọ́. Ẹni tó bá tú irú rẹ̀ á bá ẹyọ bátìrì kan tàbí méjì ní igun kan, yanrìn inú ọ̀rá ní igun kejì. Ó burú gan-an, nítorí ẹni tí wọ́n sábà máa ń tà á fún ni ẹni tí kò lówó láti ra òmíràn.

Èyí tí kì í ṣe ayédèrú pàápàá ní ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. mAh tó wà lára rẹ̀, ti bátìrì inú ni, lórí volt 3.7. Volt 5 ló ń tú jáde sí fóònù. Bí wọ́n bá sọ 10,000 mAh di Wh, tó jẹ́ òṣùwọ̀n iná gan-an, 37 ló jẹ́. Ìyẹn 7,400 mAh lórí volt 5, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì di ooru lójú ọ̀nà. Èyí tó ń dé ẹnu wáyà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 6,300. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh yóò rí ẹ̀ẹ̀kan àti àbọ̀ nínú rẹ̀, kò ní rí ẹ̀ẹ̀mejì. Àwọn tó ń ṣe ojúlówó máa ń kọ iye yìí sẹ́yìn pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wh. Ibi tí wọ́n kò bá kọ Wh sí, kí oníbàárà gbé e padà sórí tábìlì.

Ẹ̀yìn yẹn kan náà ni ìdáhùn ìbéèrè ìbẹ̀rẹ̀ wà, lójú ìlà tí wọ́n kọ "Input" sí. Ní London tàbí Atlanta, ẹni tó ń ra páwà báǹkì lè gbójú fo ìlà yìí. Yóò fi sórí iná kó tó sùn, yóò bá a ní kíkún láàárọ̀. Ìlà "Output" ni tirẹ̀, bí yóò ṣe yára fún fóònù níná tó. Ní Galadimawa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án 2020 ni ìjọba ti pín àwọn tó ń lo iná sí ìsọ̀rí márùn-ún: Band A ní ẹ̀tọ́ sí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B sí 16, C sí 12, D sí 8, E sí 4. Ní oṣù kẹrin 2024, owó Band A fò sókè sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan kí wọ́n tó dín in kù díẹ̀. Òpópónà kan lè wà ní Band A kí èyí tó kángun sí i má sí níbẹ̀, torí pé wáyà tó ń bọ́ kálukú ni wọ́n fi pín in.

Ẹ wo páwà báǹkì 20,000 mAh tí "Input" rẹ̀ jẹ́ volt 5, amp 2. Wáàtì 10 nìyẹn. Wh 74 ló wà nínú rẹ̀. Kó tó kún, yóò gbà tó wákàtí mẹ́sàn-án. Ní ilé Band D tó ń rí iná wákàtí mẹ́jọ, tí wákàtí náà sì lè má tẹ̀ léra, kò lè kún lọ́jọ́ kan. Ní Band E, kì í kọjá ìdajì. Olówó rẹ̀ á gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ ojúlówó ni; ìlà tí kò kà ló pa á lára. Èyí tó jẹ́ 10,000 mAh, àmọ́ tó ń gba wáàtì 18 sára, yóò kún láàárín wákàtí mẹ́ta. Ìdajì ìkejì ni ní ìwọ̀n, ó sì wúlò jù ú lọ fún ilé tí iná ti ń kánjú. Wáàtì 18 yìí ní ohun tó ń béèrè: ṣájà ara ògiri gbọ́dọ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí wáyà náà sì jẹ́ irú tó lè gbé e. Ṣájà àtijọ́ tó jẹ́ wáàtì 5 yóò sọ ọ́ di arọ.

Owó tí èèyàn ń san fún iná ìta ti yí padà, ó sì fi kún ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Nígbà tí Ààrẹ Bola Tinubu kéde ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, epo tó wà ní nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Jẹnẹrétọ̀ kékeré abẹ́ ìsọ̀, tí èéfín irú rẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ìdílé mọ́ inú yàrá, di ohun tí oníṣájà kò lè tan láti àárọ̀ dalẹ́ mọ́. Àwọn kan ra pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, wọ́n gbé e sórí páànù, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Àwọn mìíràn palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Ní oṣù mélòó kan ṣáájú rẹ̀, nígbà tí owó náírà wọ́n láti oṣù kìíní 2023, tí gbogbo ọjà fi ń gba ẹnu fóònù àti POS, fóònù tó kú ti di owó tí kò ṣeé ná. Alágbàtà POS tí ẹ̀rọ rẹ̀ kú ní ọ̀sán kò ní iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Oṣù kẹwàá 2024 ló fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rinlẹ̀ tó han gbangba. Àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná lọ sí Àríwá, títí kan èyí tó ti Shiroro lọ sí Kaduna, bàjẹ́, ìpínlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ní Àríwá sì wà lókùnkùn fún ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní Kano, Kaduna àti Jos, àwọn ènìyàn tò níwájú ẹnikẹ́ni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ tàbí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn, fóònù lọ́wọ́ kan, páwà báǹkì lọ́wọ́ kejì. Ìdákú iná gbogbo orílẹ̀-èdè náà ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún yẹn, Àbújá sì jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn kan rò pé páwà báǹkì tí wọ́n lẹ pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ lẹ́yìn ló máa bá wọn yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ṣeni láàánú pé kò rí bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ kì í mú ju wáàtì kan tàbí díẹ̀ lé ní ọ̀kan wá nígbà tí oòrùn mú jù. Kó tó kún Wh 74, yóò gba ọjọ́ bíi mẹ́wàá tí oòrùn ń ràn dáadáa. Èyí tó tún burú ni pé inú oòrùn ló gbọ́dọ̀ sùn sí, bẹ́ẹ̀ ooru ló ń yára ba lithium-ion jẹ́ jù. Oòrùn oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ní Àbújá kì í ṣe kékeré. Páwà báǹkì tí wọ́n gbàgbé sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò lè wú kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ewu iná inú rẹ̀ kò mọ sí ayédèrú nìkan. Gbogbo ayé ló rí i ní 2016 nígbà tí Samsung kó Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà nítorí pé bátìrì rẹ̀ ń gbiná. Ní oṣù kẹfà 2025, Anker, tó wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n fọkàn tán jù lórí páwà báǹkì, kó ju mílíọ̀nù kan PowerCore 10000 padà ní Amẹ́ríkà; nínú oṣù kan náà, Romoss kó bíi 490,000 tirẹ̀ padà ní Ṣáínà, ìjọba ibẹ̀ sì fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má gbé páwà báǹkì tí kò ní àmì 3C, ẹ̀rí ààbò ti Ṣáínà, wọ bàálù abẹ́lé. Orúkọ ńlá kì í dènà àṣìṣe. Àǹfààní rẹ̀ ni pé nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, ẹnì kan wà tí yóò jẹ́wọ́, tí yóò sì mọ nọ́ńbà èyí tó bàjẹ́. Ayédèrú kò ní bàbá tí èèyàn lè pè. SON, àjọ tó ń ṣọ́ bí ọjà ṣe dára tó, ń gbógun ti irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, àmọ́ ọjà náà pọ̀ ju ọwọ́ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ bàálù yìí kan Galadimawa ju ọ̀pọ̀ àdúgbò lọ, torí pé ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú Nnamdi Azikiwe kò jìnnà sí i. Òfin tó ń darí ọkọ̀ òfurufú káàkiri ayé sọ pé ọwọ́ ni wọ́n ń mú páwà báǹkì dání. Kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sí ìsàlẹ̀ bàálù, torí pé bí ó bá gbiná níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa tètè rí i. Èyí tí kò ju Wh 100 lọ ń kọjá láìsí wàhálà, ìyẹn nǹkan bíi 27,000 mAh. Láti 100 sí 160, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tó bá kọjá 160 kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá. Ní oṣù kìíní 2025, bàálù Air Busan kan jóná lórí ilẹ̀ ní Kòríà Gúúsù, àwọn olùṣèwádìí sì fura sí páwà báǹkì. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ti ń ka lílò rẹ̀ lókè léèwọ̀. Emirates bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 2025. Ẹni tó ra "50,000 mAh" lẹ́bàá ọ̀nà, bí ọ̀rọ̀ olùtajà bá jẹ́ òótọ́, Wh 185 ló gbé dé pápákọ̀, wọn á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́, wọ́n ṣì lè gbà á, torí pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ máa kà.

Ní ti lithium inú bátìrì yìí, òkúta tí wọ́n ti ń fà á jáde wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, tó pààlà pẹ̀lú Àbújá, ó sì wà ní Kwara, Èkìtì àti Ọ̀yọ́. Ní oṣù karùn-ún 2024 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ kan tó ń fọ òkúta náà ní Nasarawa, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà. Bátìrì fúnra rẹ̀, Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀, ó sì ń gba ojú omi padà wá sí Èkó kó tó dé Banex Plaza ní Wuse 2, níbi tí ọ̀pọ̀ ìsọ̀ Galadimawa ti ń kó ọjà. Ìrìn àjò gígùn ni fún ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, páwà báǹkì á di òkú, inú ààtàn ló sì sábà máa ń já sí. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àdúgbò láti ra irin àti páànù àlòkù máa ń gbà á, àmọ́ irin àti bàbà ni wọ́n ń wá. Ìyókù á bọ́ sínú ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí bátìrì, tó jáde ní 2024, gbé ẹrù gbígba àlòkù padà lé àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé lórí. Títí tí ìlànà náà yóò fi dé ojú ọ̀nà Galadimawa, ọwọ́ onílé ni ó wà. Páwà báǹkì tó bá ti wú, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí, kò yẹ kí wọ́n tún fi sórí iná láé. Kí wọ́n má gún un, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ kó lè padà bọ̀ sípò, kí wọ́n má sọ ọ́ sínú iná. Ibi gbígbẹ tó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ ni kó wà, nínú agolo tàbí lórí sìmẹ́ńtì, títí tí wọ́n á fi gbé e lọ bá ilé ìtajà tó ń gba àlòkù.